Epo Tí Mi Ò Dà

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1977, ni ìbínú yìí wọ inú mi, kò sì tíì jáde. Mo mọ aago náà nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè wo aago ara ògiri ilé ìjọsìn wa ní àdúgbò Boribana, ní ìlú elédè Faransé tí à ń gbé, mo ń ṣírò àkókò tó kù kí àwọn ará tó dé fún àdúrà aago márùn-ún. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ọkàn mi kì í sábà balẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ìdí wà.

Ọdún yẹn ni mo jáde ní yunifásítì ní Cocody. Mo rò pé ọ́fíìsì kan wà níbì kan tó ń dúró dè mí. Kò sí èyí tó gbọ́ orúkọ mi rí, ni mo bá ń tẹ̀ lé àbúrò bàbá mi lọ síbi iṣẹ́ igi gígé. Tonton ni mo ń pè é. Òun ló gba èmi àti ìyá mi sílé nígbà tí bàbá mi kú, nítorí náà n kò lè sọ fún un pé rárá. Ó ní ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kan tó máa ń nù bí ẹni ń nu dígí. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa rọ ẹ́sáǹsì sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí n sì rọ epo sí ojú kejì, epo tó ń jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n ayùn máa yọ̀ geere lórí irin.

Ẹ má fi iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Epo ẹ̀wọ̀n nípọn bí oyin. Bó bá dà, kò ṣeé kó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fi ba ṣòkòtò kan ṣoṣo tó dára tí mo ní jẹ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, kì í ṣe nítorí ṣòkòtò, bí kò ṣe pé ó dà bí ẹni pé gbogbo ohun tí mo kọ́ níwèé ń ṣàn lọ pẹ̀lú epo náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mú un bí ẹ̀sìn. Mo máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Mo máa ń tẹ́ èérún igi sórí yanrìn, kí n dá ayùn dùbúlẹ̀ lé e, kí ìdérí rẹ̀ kọjú sókè. Mo máa ń fi àkísà nu etí ìdérí kí n tó ṣí i, kí ìdọ̀tí má baà bọ́ sínú. Lẹ́yìn náà, mo máa ń ki àrọ bọ̀ ọ́, kí n da epo díẹ̀, kí n dúró kó sọ̀ kalẹ̀, kí n tún da díẹ̀, n kì í sì í jẹ́ kó kún dé ẹnu. Bí mo bá dé e tán, màá tún fọwọ́ yí ìdérí wò.

"Diplômé wa, oníwèé-ẹ̀rí," Tonton á ní, "ṣé epo lò ń rọ ni, àbí o ń wẹ ọmọ tuntun?"

Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, igi máńgòrò ńlá kan tó fara ti ilé ìjọsìn la lọ gé. Ìdajì rẹ̀ ti tẹ̀ sórí páànù. Àwa aláṣọ funfun kì í wọ bàtà nínú àgbàlá ìjọ, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa ń fi tẹ símẹ́ńtì ibẹ̀. Tonton nìkan ni Alàgbà ìjọ gbà láyè kó wọ bàtà iṣẹ́, nítorí pé ayùn kò mọ ẹsẹ̀ ẹni mímọ́. A gé e dé àárín ni epo ẹ̀wọ̀n tán.

"Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sórí yanrìn níta. Ẹsẹ̀ lásán ni àwọn ará ń bọ̀ wá rìn níbí."

"Laisse, fi sílẹ̀! Kí o tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un tán, ilẹ̀ á ti ṣú. Gbé bídọ̀n epo yẹn wá."

Ó gbé ayùn gbígbóná kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn gan-an, ó da epo láti ẹnu bídọ̀n láìlo àrọ, ó dé ìdérí láìyí i le, ó sì gbé ayùn sókè. Epo ya sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Ó wo ojú ọ̀nà, kò rí ẹnì kankan, ó wá fi bàtà gbá èérún igi bò ó.

"Ó ti tán. Lọ di okùn mú."

Okùn náà la fi so ẹ̀ka ńlá kó má baà já lu òrùlé. Mo dì í mú. N kò lè fi sílẹ̀. Bí ayùn ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké ni mo rí ìyá mi tó ń wọlé bọ̀, ó ru aṣọ ìjọsìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, funfun báláú, lórí. Òun ni aránṣọ ìjọ. Mo pariwo, "Màmá, ẹ má gba ibẹ̀!" Ariwo ayùn gbé ohùn mi mì. Mo rí i nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi tẹlẹ̀ bó ṣe ṣubú, ọrùn ọwọ́ náà sì kán.

Nígbà tí àwọn ará pé jọ, Alàgbà béèrè pé, "Ta ló da epo síbi mímọ́?"

Tonton wò mí. "Ọmọ yín ni, Alàgbà. Ẹ foríjì í. Ìwé ló mọ̀, kò mọ iṣẹ́." Ó gbé ọwọ́ lé mi lọ́rùn, ọwọ́ náà kò tilẹ̀ wúwo. "Ó yá, dọ̀bálẹ̀."

Mo la ẹnu. Ìyá mi, tó jókòó nílẹ̀ tó ń gbé ọwọ́ rẹ̀ jó bí ẹni ń gbé ọmọ, ló sọ pé: "Ọmọ mi, dọ̀bálẹ̀, kó tán níbẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀. Inú epo náà ni mo dọ̀bálẹ̀ sí. Ó gbóná díẹ̀ láyà mi, òórùn rẹ̀ sì wọ imú mi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Tonton wo ẹ̀yìn rẹ̀, èmi ló rí níbẹ̀.

Ó ti di ọdún méjì. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Abobo Gare báyìí, mo sì ti ní yàrá tèmi. Ọwọ́ ìyá mi jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́, kò lè yí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Kò bínú sí mi. Ó máa ń sọ fún àlejò pé, "Kò mọ̀ọ́mọ̀, ọmọdé ni." Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, kí ẹni tí mo fẹ́ràn máa fi tọkàntọkàn dárí ohun tí mi ò ṣe jì mí. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Ó rẹ̀ mí láti máa jẹ́ ọmọ baba yẹn.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, mo lọ kí ìyá mi àti Tonton. Ìdajì máńgòrò tó ṣẹ́ kù ti ń tẹ̀ sórí ilé ìjọsìn, Alàgbà sì ti ránṣẹ́ sí Tonton. Tonton yíjú sí mi níwájú oúnjẹ, ó ní: "Wá bá mi rọ epo ní Sátidé. Ìwọ nìkan ni kì í dà á nù."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń béèrè iyọ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ tó wọ́ yẹn bu ọbẹ̀ sí àwo Tonton. "Ọkọ mi, òótọ́ lẹ sọ," ló wí fún un. "Ó ti kọ́gbọ́n."

N kò lè jẹun mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ òótọ́ fún ìyá mi, abẹ́ òrùlé ọkùnrin náà ló ṣì ń sùn, yàrá tèmi kò sì gba ènìyàn méjì. Bí n kò bá sì sọ ọ́, ní Sátidé, èmi ni màá tún tẹ́ èérún igi sórí yanrìn, tí màá nu etí ìdérí, tí màá da epo díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan bọ́ sílẹ̀, gbogbo ìjọ á sì máa wò mí, wọ́n á ní ìyà ló kọ́ mi. Ṣé kí n lọ? Bí mo bá lọ, kí ni kí n fi ẹnu mi ṣe?