Ètò Mẹ́rìnlá Tó Ń Jí Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ọdún méjìlélógún ni Ìyá Káàdì ti wà ní yàrá tí wọ́n ń kó káàdì àwọn aláìsàn sí nílé ìwòsàn, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Láti bí oṣù mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ti ń fi ìṣẹ́jú méjìlá jí láràárọ̀, táwọn aláìsàn á tò lọ bẹẹrẹ, tí wọ́n á máa kùn. Ìyá Káàdì ní kò sẹ́ni tó bà á jẹ́ bí kò ṣe Onígíláàsì, ọkùnrin olójú mẹ́rin tí wọ́n jọ ń lò ó. Ó sọ ọ́ títí ọ̀gá ilé ìwòsàn fi gbà á gbọ́. Lẹ́tà tí yóò gbé Onígíláàsì lọ sí ẹ̀ka tó jìnnà sí ìyàwó àtọmọ rẹ̀ ti wà lórí tábìlì ọ̀gá. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ fún un.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni àbúrò Ìyá Káàdì, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wá wo ẹ̀rọ náà. Ó wo orúkọ àwọn ètò, ìyẹn prógíráàmù, tó ń bá ẹ̀rọ jí. Mẹ́rìnlá ni wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló to gbogbo èyí síbí?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn ti dìde kí n tó jókòó. Àbí kí n máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan?"

Ẹ wo ọgbọ́n orí! Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí.

"Ẹ ò ṣe bi mí léèrè? Ètò kan wà tó máa ń kọ́kọ́ jí, tó ń gbé ẹrù tí gbogbo yòókù nílò. Tẹ́ ẹ bá pe òmíràn, á kàn ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, ẹ̀dà yẹn á di èyí tẹ́ ẹ pè, ẹrù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tiyín ò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Kálukú ń lọ gbé ẹrù kan náà fúnra rẹ̀, gbogbo wọn wá ń fún ara wọn lẹ́nu ọ̀nà."

Ó yọ mọ́kànlá kúrò, ó darí mẹ́ta tó kù sọ́dọ̀ ètò tó ń kọ́kọ́ jí yẹn. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún tàn án. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi jí.

Inú Ìyá Káàdì ò dùn rárá. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, torí ó mọ ibi tó kàn. Ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ.

"Sà, èmi ni mo ba ẹ̀rọ yẹn jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní lẹ́tà."

Ọ̀gá fa lẹ́tà náà ya, ó ní kó fúnra rẹ̀ lọ sọ fún Onígíláàsì. Ìyá Káàdì bá a níbi tó ti ń fọwọ́ kọ káàdì fáwọn tó ń dúró. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, lẹ́tà àti ẹ̀sùn tó fi kàn án, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Onígíláàsì yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ṣé ó ti wá ń yára báyìí?"

"Ó ń yára."

"Ẹ jẹ́ kí n pe ẹni tó kàn nígbà náà." Kò wo ojú Ìyá Káàdì.