Fáwẹ̀lì Tí Wọ́n Gbà Lẹ́nu Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn ìyá arúgbó kan jáde láti inú fóònù ọmọ mi obìnrin ní pálọ̀ wa l'Ádó. "Ulé" ni ìyá náà pe ilé. Mo gbé abọ́ oúnjẹ mi sílẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, n kò tíì gbọ́ ulé yẹn nínú ilé yìí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ní Ìyìn tí wọ́n ti bí mi, bí gbogbo wa ṣe ń pè é nìyẹn: ulé, ugi, uyán, níbi tí ẹ̀yin ti ń pe ilé, igi, iyán. Èmi àti Òjó ọ̀rẹ́ mi ti ń kọ ebè lóko kí wọ́n tó fi wá sílé ìwé, a sì ga débi pé orúnkún wa kì í gba abẹ́ tábìlì. Olùkọ́ wa kórìíra u yẹn. Èdè ará oko ló ń pè é. Ẹni tó bá pe ulé, yóò fi pákò dábùú sáàárín eyín, kí ètè rẹ̀ má lè ká jọ, yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí aago ìsinmi yóò fi dún. Itọ́ á máa ṣàn sáṣọ. Èmi tètè yí ẹnu padà. Òjó kò rí i ṣe. Àwọn ọmọ kéékèèké á ní, "Bọ̀dá Òjó, ṣé eyín ló ń hù ni?"

Lọ́jọ́ kan ó yọ pákò náà, ó gbé e sórí tábìlì olùkọ́ jẹ́jẹ́, ó sì lọ sílé. Bàbá rẹ̀ kò bá a wí. Ó kàn ní, "Àdá rẹ ṣì wà níbi tí o fi í sí." Oko kòkó olóko lọ́nà Oǹdó ni Òjó kú sí, kò mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ.

Ìmọ̀ ìró èdè ni ọmọ mi ń kọ́ ní yunifásítì. Ó ṣàlàyé fún mi pé ètè máa ń rí roboto bí a bá pe u, pé òun ń wá ẹnì kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan, kí òun lè fi àmì fonẹ́tíìkì kọ bí wọ́n ṣe ń pè é.

"Bàbá, ẹ̀yin ni Ìyìn tèmi. Kí lẹ̀ ń pe èyí?" Ó fi àwòrán ilé hàn mí.

"Ilé," ni mo wí.

Ó wo ojú mi.

"Ulé," mo yára wí. "Ulé ni."

"Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ni wọ́n ní ká kọ, sà."

"Ìyá rẹ ì bá pè é."

"Mo mọ̀, sà."

Ó kọ fáwẹ̀lì i sínú àkámọ́ níwájú orúkọ Ìyìn.

Ilé ìwé tó lé u lẹ́nu wa ló tún ń rán àwọn ọmọ wa kiri láti wá a. Ìyẹn ti yí padà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ló ṣì ń borí. Ẹni tó bá ka iṣẹ́ ọmọ mi lọ́la yóò gbà pé bí àwọn ará Ìyìn ṣe ń pè é nìyẹn, kò sì ní mọ̀ pé Òjó wà rí.