Pèrègún Ẹ̀yìn Ilé Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Odígbó, tí mo ń tẹ̀ lé bàbá mi lọ sóko kòkó lọ́nà Ajue, ará Gánà kan wà tí òun àti bàbá mi jọ ń ṣe oko. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Kì í ṣe ìtàn adùn. Bí mo bá ti rántí rẹ̀, itọ́ ẹnu mi a korò, nítorí ilé tiwa gan-an ló ti ṣẹlẹ̀.

Ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ ti wà nílùú wa kí wọ́n tó fi mí síléèwé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ẹgbẹ́ mi ni, àwa méjèèjì la jọ ń lọ pọnmi. Bí ọkùnrin náà bá ń sọ èdè wa, ẹ ò ní mọ̀ pé àlejò ni. Ulí ló ń pe ilé, ọma ló ń pe ọmọ, bíi ti gbogbo Ìkálẹ̀. Bàbá mi ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n igbó kìjikìji ni, apá rẹ̀ kò sì ká a. Ni wọ́n bá ṣe àdéhùn tí àwọn àgbẹ̀ máa ń ṣe nígbà náà. Àlejò á ṣán igbó, á gbin kòkó, á tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí kòkó bá bẹ̀rẹ̀ sí so, wọ́n á pín oko sí méjì ọgbọọgba, apá kan fún onílẹ̀, apá kan fún ẹni tó gbìn ín.

Ó sì ṣe é. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ńṣe ni àjèjì ń wá jẹun. Ta ló jẹun ta? Kí ó tó dé, bí a bá ti la kòkó tán, ọjọ́ méjì péré la fi ń bò ó ká tó lọ sá a sẹ́bàá títì, àwọn tó ń yẹ kòkó wò ní Ọ̀rẹ̀ a sì dá a padà fún wa. Òun ló kọ́ wa pé kí á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó títí yóò fi móoru dáadáa, kí á máa yí i padà, kí á má kánjú. Kò sí àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa tí kò wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí kòkó so, òun àti bàbá mi ta okùn gba àárín oko, wọ́n gbin pèrègún tẹ̀ lé okùn náà láti òkè délẹ̀. Pèrègún ni ààlà lọ́dọ̀ wa. Bí a bá ti gbìn ín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà á tu. Alàgbà ni bàbá mi nínú ìjọ Aládùúrà. Ó wọ sùtánà funfun wá sóko lọ́jọ́ náà, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, ó gbàdúrà lé ààlà náà lórí. Ó ní, "Ẹni tó bá yẹ ààlà yìí, Olúwa ni yóò bi í." Èmi ni mo ṣe àmín tó ròkè jù.

Ìjọba ológun ló wà lórí oyè, ìlú sì le. A ń tò fún ọṣẹ, a ń tò fún mílíìkì, ìrẹsì di ohun ọdún Kérésì. Dípò kí á béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kó ìlú jẹ, a wá ẹni tí kò lágbára tí a ó di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní àwọn àlejò ló jẹ oúnjẹ wa tán. Ni rédíò bá kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé máa lọ. Lóríta Ọ̀rẹ̀, mo rí ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún wọn, aboyún, arúgbó, ọmọ ọwọ́, tí àwọn èèyàn wa ń ju èèpo ọsàn lù wọ́n, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Báàgì onílà tí wọ́n kó ẹrù sí nígbà náà, lílé tí a lé wọn la fi sọ ọ́ lórúkọ títí dòní, ẹ sì ń gbé e lọ sọ́jà láìro nǹkan kan.

Ọkùnrin náà wá bá bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Bàbá, kòkó mi kò tíì pọ́n. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Bí mi ò bá lè padà, ọmọ mi á padà." Bàbá mi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà fún un títí, ó sì fi dá a lójú pé oko rẹ̀ kò ní lọ ibì kankan. Ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, di ọwọ́ mi mú títí ọkọ̀ fi dé.

Mi ò rò pé wọ́n tíì kọjá Èkó tí bàbá mi fi lọ fa pèrègún náà tu. Màmá mi bi í ní ìdí rẹ̀. Ó ní, "Àwọn náà ló kọ́kọ́ lé àwọn èèyàn wa ní Gánà. Ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ onílẹ̀." Bàbá mi kò dé Gánà rí, wọn ò sì lé ẹbí rẹ̀ kankan níbẹ̀. Ọ̀dọ́langba ni ọkùnrin náà nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa. Bàbá mi ní kí igi náà má ṣòfò, kí á fi ṣe ọgbà adìẹ. Èmi ni mo fi orí rù ú wálé. Mo mọ ohun tí mo rù, mo sì ń kọrin lọ́nà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ sùtánà kan náà, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé Olúwa ti sọ oko òun di ìlọ́po méjì. Gbogbo ìjọ kígbe halelúyà. Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, ṣùgbọ́n mi ò lè pe èyí ní nǹkan mìíràn: ìwà ẹ̀gbin ni, ó sì ń rí mi lára di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ọṣẹ kò wá. Ìrẹsì kò wá. Oko ọkùnrin náà kún fún igbó, kòkó ibẹ̀ ń di dúdú, ó ń jẹrà lórí igi, nítorí apá bàbá mi tí kò ká a tẹ́lẹ̀ kò ṣàdédé gùn sí i. Ọgbà adìẹ wa nìkan ló ń ṣe dáadáa. Kí oṣù méjì tó pé, igi tí a rì mọ́lẹ̀ ti rúwé, gbogbo ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn ilé wa ló sì mọ ibi tí a ti fà á wá. Bàbá mi gé e, gé e, ó sú u. Ìgbà tí a fi máa sin ín, pèrègún ti ga ju òrùlé lọ.

Ẹ máa ń sọ pé ayé ti yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìjọ yẹn kan náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi la ń gbàdúrà báyìí pé kí àwọn onílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ wa sá lọ má lé wọn. Ọmọ tèmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó ju èèpo ọsàn wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kí ẹlòmíràn ṣàánú àwọn. Bí wọ́n bá dé ibi àdúrà yẹn, ẹnu mi kì í lè ṣe àmín.

Oko náà ló kàn mí nígbà tí a pín ogún. Mo gé pèrègún lẹ́yìn ilé, mo ta okùn gba àárín oko, mo sì gbìn ín padà síbi tó wà. Mo ti béèrè ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Gánà ní Ọ̀rẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mò ń roko apá tiwọn bí mo ṣe ń ro tèmi. Àbúrò mi wá, ó wo ààlà náà títí, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń pín oko yín fún?"

Mo ní, "Mi ò pín in. Bàbá wa ló ti pín in, èmi ni mo ṣe àmín."