Ìyá Tó Ń Kí Ẹrù

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹrù. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ìyá bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, apẹ̀rẹ̀ gbágùúdá ni wọ́n sì ń bá sọ ọ́. Orúnkún wọn kan wà nílẹ̀, èkejì dúró, ẹ̀yìn wọn nà ṣánṣán. Wọ́n fa apẹ̀rẹ̀ mọ́ àyà, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì fi agbára itan dìde. Èmi tí mo mú òṣùká lọ́wọ́, ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí. Ìrì ṣì ń kán lára ewé, òórùn kòkó tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò sẹ́yìn ilé sì gba gbogbo àgbàlá.

Omífunfun là ń gbé nígbà náà, èmi àti àwọn nìkan. Apá Ìwó ni wọ́n ti bá bàbá àgbà wá dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Nígbà tí bàbá àgbà kú, wọn ò padà sílé. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ ní Ore, ó ní kí n máa gbé lọ́dọ̀ wọn.

Wọn kì í kí ẹrù tẹ́lẹ̀. Àsìkò tí a ń fọ́ kòkó ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti jókòó sórí àpótí kúkúrú láti àárọ̀, wọ́n tẹ̀ kóló lórí òkìtì kòkó. Bí wọ́n ṣe dìde báyìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, wọ́n sì fẹ́ já apẹ̀rẹ̀ kòkó tútù gbé. Mo gbọ́ "Yéè!" Kòkó dà sílẹ̀, ìyá àgbà ò sì lè nàró mọ́. Èmi àti ìyá onílẹ̀ wa, obìnrin Ìkálẹ̀ kan tó fẹ́ràn àwàdà, la jọ dì wọ́n mú délé.

Wọ́n dùbúlẹ̀, wọn ò dìde. Mo ń fi àdí pa wọ́n lẹ́yìn láàárọ̀ àti lálẹ́ títí aṣọ mi fi ń rùn fún àdí dé ilé ìwé. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti forí kanlẹ̀ tí kò ṣeé ṣe, wọ́n sunkún, èmi náà bá wọn sun ún.

Bàbá mi wá wò wọ́n. Ó ní, "Màámi, ẹ ò lè dá gbé mọ́. Bí a bá ti ta kòkó tán, mo máa wá kó yín lọ sí Ore."

Nígbà tó lọ tán, ìyá àgbà sọ fún mi pé, "Bí mo bá dé Ore, orí àga ni n óò jókòó sí títí wọn ó fi gbé mi sin." Ẹ̀rù bà mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kó wa kúrò nínú ilé yẹn.

Ìyá onílẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé wọn lọ rí nọ́ọ̀sì ní Àgọ́ Aláyé. Obìnrin náà tẹ ẹ̀yìn wọn, ó gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, ó ní iṣan ló fà. "Màámi, ẹ má dùbúlẹ̀ kalẹ̀ mọ́. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa fara ti ògiri, kí gìgísẹ̀, ìdí, èjìká àti orí yín kàn án. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé nǹkan, ẹ kúnlẹ̀, ẹ fà á mọ́ra, kí ẹsẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà."

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Wọ́n ń rìn dé ìdí igi àgbálùmọ̀, wọ́n ń padà. Wọ́n á fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, wọ́n á ká orúnkún, wọ́n á máa gbé ìdí sókè, ewúrẹ́ wa á sì wá máa gbóòórùn ojú wọn. Wọ́n á lé e, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Kíkúnlẹ̀ fún ẹrù nìkan ni wọ́n ń gbàgbé, àfìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Wọ́n ní, "Ẹni tí mo bá kúnlẹ̀ fún, mo gbọ́dọ̀ kí i."

Ìyá onílẹ̀ bi mí níjọ́ kan pé, "Ọma mi, ṣé apẹ̀rẹ̀ ni ìyá rẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ìyá àgbà dáhùn láti inú ilé: "Ẹ̀yin tí ẹ kì í kí i, ṣé ẹ̀yìn ò dùn yín?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé búta àlùwàlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i tí ìyá àgbà ń lọ sílẹ̀ lórí ìrun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí iwájú orí wọn fi kan ẹní. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé wọn ò ní lè dìde. Ìgbà tí wọ́n dìde, ojú wọn tutù fún omijé, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

A ta kòkó tán, bàbá mi gbé ọkọ̀ dé. Èmi nìkan ló bá nílé. Kò pẹ́ tí ìyá àgbà yọ láti ọ̀nà oko, apẹ̀rẹ̀ gbágùúdá lórí, ọrùn wọn gún régé. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. "A dúpẹ́ o, ẹrù."

Bàbá mi lanu sílẹ̀. "Màámi, ta lẹ̀ ń kí?"

"Ẹni tí kò jẹ́ kí n bá ọ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Gbágùúdá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kó padà sí Ore lọ́jọ́ náà. Inú yàrá wọn ní Omífunfun ni ìyá àgbà kú sí, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹ̀yìn wọn ò sì tẹ̀.

Aránṣọ ni mí ní Ore báyìí. Ìdí máṣíìnì ń tẹ ènìyàn lẹ́yìn, nítorí náà bí oòrùn bá ti kan àtàrí, èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi á dìde lọ fara ti ògiri. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é. Ohun tí mi ò jẹ́ kí wọ́n rí ni ti àárọ̀ kùtù, nídìí kẹ́ẹ̀gì omi. Àárò ìyá yẹn ń sọ mí gan-an. Kò sí àgbà kankan nílé mi tí mo ń kúnlẹ̀ kí mọ́. Mo máa ń kúnlẹ̀, màá na ẹ̀yìn mi, màá fa kẹ́ẹ̀gì mọ́ra, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá àgbà."

Ìyá àgbà kọ́ mi pé ọmọ tó bá kúnlẹ̀ kí àgbà kì í dìde títí àgbà á fi dáhùn. Nítorí náà mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó gbé kẹ́ẹ̀gì.