Ìkòkò Odò Àkàkà

Ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn ṣì ń bí mi nínú. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé-ìwé girama kan n'Ìkẹ́nnẹ́ nígbà yẹn, láwọn ọdún tí a máa ń sùn sílé epo ká tó rí bẹntiróòlù rà. Àwọn tó ń wa iyanrìn nínú odò lẹ́bàá Àkàkà ló gbé e jáde. Ìkòkò amọ̀ ni, ojú èèyàn wà lára rẹ̀, èérí dúdú kan sì lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ inú rẹ̀.

Èérí yẹn gan-an ni mo fẹ́. Òun ló lè jẹ́ káwọn onímọ̀ mọ ohun tí wọ́n sè nínú ìkòkò náà àti ayé ìgbà tí wọ́n sè é. Mi ò ní kámẹ́rà. Ìyá àgbà kan wà tó ń se oúnjẹ fáwọn oníyanrìn létí odò. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni mo fi ìkòkò náà sí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e, kí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, mò ń mú oní-fọ́tò bọ̀.

Mo gba ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí nǹkan àtayébáyé lọ. Wọ́n ní mọ́tò àwọn ò lépo. Mo padà lọ, wọ́n ní ẹni tó ń ya fọ́tò lọ ìsìnkú. Nígbà tí mo tún yọjú, ọ̀gá ibẹ̀ bi mí bóyá mi ò kúkú lè gbé ìkòkò ọ̀hún wá fáwọn. Lórí ọ̀kadà! Mo bá tèmi lọ.

Mo yá kámẹ́rà lọ́wọ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo forí lé Àkàkà. Ìyá ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìkòkò jáde, ó ń dán gbinrin. Wọ́n ti fi eérú àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ tinú tòde, wọ́n sì fi epo pupa pa á lára.

"Ìyá, ṣebí mo ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà!"

"Bó ṣe wà náà ló wà. Àwọn kan fẹ́ gbé e lọ, mo kọ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo fi sí. Ṣùgbọ́n ta ní í ya fọ́tò láìwẹ̀, ọmọ mi? Ojú èèyàn mà ni!"

Mo jókòó sórí òkìtì iyanrìn. Mi ò lè bá ìyá jà. Àwọn tó yẹ kí n bá jà ń gba atẹ́gùn lábẹ́ fáànù ní ọ́fíìsì. Mo bi ìyá pé níbo ni wọ́n da omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ sí, wọ́n nawọ́ sí odò.

Wọ́n tún gèlè wé, wọ́n gbé ìkòkò sáyà, wọ́n ní kí n yà á kó hàn dáadáa o.

Mo yà á. Ó hàn dáadáa.