Bébà Tó Lẹ̀ Mọ́ Rédíétọ̀

Bí omi rédíétọ̀ bá hó jù, òórùn rẹ̀ máa ń dùn díẹ̀, bí ìgbà tí ṣúgà bá jóná nísàlẹ̀ ìkòkò. Mi ò lè gbọ́ òórùn náà lónìí kí ọkàn mi má padà sí ojú ọ̀nà kan ní Kuje, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin l'Ékòó, lábẹ́ igi fúrúùtù kan, níbi tí mo dúró sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí èéfín ń rú lójú jíìpù wa, tí ìyàwó mi sì nà sórí àga ẹ̀yìn, tó di ìrọ̀rí mú.

Ní ọdún náà, kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń gbé e láti Festac lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Aago mẹ́jọ ni tiwa. Ẹni tó bá pẹ́, wọn á fi ẹ̀rọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó di ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ti pàdánù àyè wa rí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé bàtà kankan kò wọ̀ ọ́ mọ́, mímí sì di iṣẹ́ fún un. Mo sọ fún ara mi pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ níṣojú mi.

Fáànù tó ń fa atẹ́gùn gba inú rédíétọ̀ ló jóná lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo lọ ra tòkunbọ̀ kan, mo sì tì í bọ̀ ọ́ fúnra mi nínú ọgbà ilé wa. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà láti kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, nítorí náà, ohun tí mo bá fi ojú ara mi kà, mo máa ń gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ìwé ọkọ̀ ní kí wáyà pupa lọ bá pupa, kí dúdú lọ bá dúdú. Mo so ó bẹ́ẹ̀. Fáànù yí, inú mi dùn. Aládùúgbò wa tó ń gbé ojúlé kejì wò mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kúkú gbé yín lọ lọ́la?”

“Ẹ ṣeun. A ti ṣe é.”

Ó ti tó ìgbà mẹ́ta tí ó ti ń bi mí bẹ́ẹ̀, ìdáhùn kan náà ni mo ń fún un. Ìyàwó mi wà lójú fèrèsé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbéra. Títì kọ́kọ́ dá, ọkọ̀ ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà sì ń tù ú lára. Àmọ́ bí a ṣe wọ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn, ọwọ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná gòkè, ó gòkè, kò sọ̀ mọ́. Mo yà sí Kuje, mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo pe ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò. Ó ní Mazamaza lòun wà, tírélà ti há òun mọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo dúró, mò ń wò ó. Àwọn èèyàn ń kọjá. Mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀.

Bàbá arúgbó kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé wọn, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyàwó mi ló rí wọn. Ó yí gíláàsì wálẹ̀, ó sì fi ohùn tó kù sí i lára ké sí wọn: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá. Ọkọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìrànwọ́.”

Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n Bàbá ti dìde. Wọ́n fi ọwọ́ tọ ara ọkọ̀ títí wọ́n fi dé iwájú, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ojú wọn ti funfun. Rẹ́wáyà ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, iná ọkọ̀ ni wọ́n fi tọ́ ọmọ, kí ojú tó kọṣẹ́. Mo na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀.

“Má ṣí i! Ojú tèmi tó bàjẹ́ yìí ti tó fún àdúgbò.”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnnì. Fáànù ń kùn. Wọ́n fetí sí i, wọ́n ní, “Mú bébà wá.” Kò sí bébà nínú ọkọ̀ àfi èyí tí nọ́ọ̀sì kọ ọjọ́ àti aago wa sí. Ìyàwó mi nà án sí mi. Wọ́n ní kí n fi sí iwájú rédíétọ̀, kí n jùwọ́ sílẹ̀. Bébà fò! Mo sá tẹ̀ lé e, ó di etí gọ́tà kí n tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

“Dádì, ẹ wo fáànù yín!” Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá sún mọ́ yín, ẹ ó fẹ́ ẹ dànù.”

“Ìyàwó wa, fi í sílẹ̀ o,” ni Bàbá wí. “Ojú ń tì í. Mo ń gbọ́ ọ níbí.”

Wọ́n ní fáànù ń yí sódì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn síta dípò kó máa fà á wọlé. Mo ní pupa bá pupa ni mo so. Bàbá rẹ́rìn-ín. “Tòkunbọ̀ ni. Ta ló mọ ẹni tó ti pààrọ̀ wáyà ẹ̀ kó tó dọ́wọ́ ẹ? Wáyà lè purọ́ fún ọ, ọmọ mi. Atẹ́gùn ò ní purọ́. Gbé ìdí wọn fún ara wọn.”

Mo pààrọ̀ wáyà méjèèjì bí ìka Bàbá ṣe ń tọ́ mi. Mo tún gbé bébà síbẹ̀, mo jùwọ́ sílẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, bí ọmọ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ tutù, ará ilé wọn kan gbé omi wá, a rọ ọ́ kún, a lọ. Nọ́ọ̀sì ti ń ka orúkọ ẹni tó kàn nígbà tí mo gbé ìyàwó mi wọlé. Ó wò wá, ó sì dá orúkọ náà dúró.

Ìyàwó mi tún bá mi gbé fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Bàbá kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, “Ìwọ lo mọ̀wé, máa wá ka ìwé ìròyìn fún mi.” Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ ni mo máa ń lọ, lórí bẹ́ǹṣì náà. Bébà yẹn ṣì wà nínú jíìpù títí di òní, ìlà rédíétọ̀ hàn lára rẹ̀ fínnífínní, mi ò sì tíì rí ìdí tí màá fi jù ú nù.

Ó pẹ́ kí ohun tí ìyàwó mi sọ nípa èmi àti fáànù lọ́jọ́ náà tó wọ̀ mí lára tán. Mo máa ń rò pé ẹni tí kò bá da ẹnikẹ́ni láàmú ló ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ tí mo jí tí ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú ọwọ́ mi, mi ò dá nìkan jókòó. Mo jáde, mo kan ilẹ̀kùn ojúlé kejì. Aládùúgbò wa ṣí i. Mo ní, “Ẹ gbà mí.” Ó ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀.