Dúrúìdì Tó Ń Kí Igi

Òórùn mílíìkì oníyẹ̀fun àti páálí tuntun ni mo fi ń rántí òkè ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè Àrin, níbi tí àwa mélòó kan tí a jọ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ ti máa ń ṣe eré ìtàn ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, àbúrò ni sí mi, ló ń pa ìtàn. Àwa yòókù jẹ́ ènìyàn inú rẹ̀, dáìsì, irú èyí tí wọ́n fi ń ta lúdò, ló sì ń pinnu bóyá ohun tí a dáwọ́ lé yóò bọ́ sí i.

Ó ní kí n jẹ́ dúrúìdì, ìyẹn àwòrò igbó tí igi àti ẹranko ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, tó sì lè para dà di ẹranko. Èmi tí kì í wọ ọkọ̀ láìbèèrè ibi tó ń lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ rò ó dáadáa. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí. Nínú agboolé wa, ẹni tó bá kọjá lára àgbà láìkí i, wọn yóò bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ta ni mo wá jẹ́ tí n ó máa pàṣẹ fún igi tó ti wà kí wọ́n tó bí baba mi? Dúrúìdì tèmi ń kí igi ni, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó dàgbà jù.

Alàgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì ni jagunjagun wa. Ọ̀rọ̀ náà sú u.

“Ọ̀gbẹ́ni, ìrókò mélòó ló kù tí o kò tíì dọ̀bálẹ̀ fún?”

“Ẹ má bínú, sà. Ọ̀pẹ ló kàn.”

“Ọ̀pẹ náà jù mí lọ ni?”

Lọ́jọ́ kan, nínú ìtàn náà, ẹranko ńlá kan dùbúlẹ̀ dí ọ̀nà wa. Idà alàgbà ti ṣẹ́. Bí mo bá kùnà, gbogbo wa kú nìyẹn, ìtàn tí a ti ń bá bọ̀ láti ìgbà òjò sì parí.

“Bùrọ̀dá, ẹ di kìnnìún. Ẹ ju dáìsì,” ni obìnrin náà wí.

Mo rọra gbé dáìsì kalẹ̀. “Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, ẹ kú ìsinmi o, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà la fẹ́ bá kọjá.”

“A ti kú,” ni alàgbà wí, ó fọwọ́ bojú.

Obìnrin náà fi ohùn ẹranko náà béèrè pé, “Ọmọ ta ni ẹ́?”

Mo dárúkọ agboolé wa. Ó béèrè àlàáfíà ìyá mi. Ó ṣàdúrà fún mi, ó yà fún mi, ó wá kọjú sí jagunjagun: “Ìwọ ńkọ́? O ò rí mi ni?”

Alàgbà wò mí, ó wo dáìsì, ó dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àwọn páálí. Báyìí ni gbogbo wa ṣe kọjá.

Ṣáájú ọjọ́ náà, mo gbà pé ìṣọ́ra mi ni kì í jẹ́ kí n lè ṣeré bí àwọn ẹlòmíràn. Àṣé òun gan-an ni eré tèmi.